Ọ̀nà Àbùjá Ló Ń Pa Wá: Ẹ Jẹ́ Ká Sọ Òótọ́ Nípa Absolute Value

1/
Ìjà ni mo gbé wá láàárọ̀ yìí. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórúkọ, ìwà kan ni mò ń bá jà. Tíṣà á dúró níwájú pátákó, á kọ |x − 3| < 5, á wá sọ pé: "Ẹ yọ ọ̀pá méjèèjì, ẹ fi plus-minus sí i, ó parí."

Kò parí o. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

2/
Thread yìí máa gùn, ẹ mú bírò àti ìwé dání. Tí ẹ bá ní Further Maths níwájú, tàbí post-UTME, tàbí ìṣirò ọdún kìn-ín-ní ní yunifásítì, tiyín ni. Tí ẹ bá sì jẹ́ òbí tó ń sanwó lesson lóṣooṣù, tiyín ni jù.

Ọ̀rọ̀ mi ò ju ẹyọ kan lọ: ìbéèrè ni ọ̀pá méjì yẹn ń bi wá. Ó ń bi wá pé, "Ibo lo dúró sí?" Ẹni tó bá yọ ọ̀pá láì dáhùn, tẹ́tẹ́ ló ń ta.

3/
Ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. |7| jẹ́ 7. |−7| náà jẹ́ 7. Kí ló dé?

Torí ìjìnnà ni. |x| ni bí x ṣe jìnnà sí òdo tó lórí ìlà nọ́ḿbà. Láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ àti láti Ọ̀yọ́ dé Ìbàdàn, ọ̀nà kan náà ni, kìlómítà kan náà ni. Kò sí awakọ̀ tó máa sọ fún yín pé òun fi kìlómítà tó wà lábẹ́ òdo padà wálé. Ìjìnnà kì í lọ sábẹ́ òdo.

Karl Weierstrass, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, ló bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀pá méjì yẹn ní 1841. Èrò inú rẹ̀ ti wà lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni tó ti rìnrìn àjò lọ, tó sì rìn ín bọ̀, kó tó dìgbà náà.

4/
Tí |x| bá jẹ́ ìjìnnà x sí òdo, kí wá ni |x − 3|? Ìjìnnà x sí 3 ni. Ìyẹn nìkan.

Ẹ wá ka |x − 3| < 5 bí ẹni ń sọ̀rọ̀: "Àwọn nọ́ḿbà wo ni ìjìnnà wọn sí 3 kò tó 5?" Ẹ dúró lórí 3. Ẹ rìn ìṣísẹ̀ 5 sọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ dé 8. Ẹ padà sí 3, ẹ rìn ìṣísẹ̀ 5 sọ́wọ́ òsì, ẹ dé −2. Gbogbo ohun tó wà láàárín ni ìdáhùn: −2 < x < 8.

Ẹ rí i? Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe é, bí wọ́n bá sọ fún un pé ìjìnnà ni.

5/
Ẹ yí àmì padà: |x − 3| > 5. Ìbéèrè náà ti yí nìyẹn: àwọn wo ni ìjìnnà wọn sí 3 ju 5 lọ? Àwọn tó wà níta ni. x < −2 TÀBÍ x > 8.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí ọmọ tó há plus-minus sórí máa kọ: 8 < x < −2. Mo ti rí èyí nínú ìwé àwọn ọmọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nọ́ḿbà tó ju 8 lọ, tí kò sì tó −2! Níbo ni nọ́ḿbà bẹ́ẹ̀ ń gbé? Ọmọ náà kì í ṣe òmùgọ̀ o. Fọ́múlà ni wọ́n fún un, wọn ò fún un ní ìlà nọ́ḿbà.

6/
Irọ́ kejì tí wọ́n máa ń pa fún wa: "Absolute value ni pé kí o pa àmì ìyọkúrò rẹ́."

Ó dáa. Ẹ pa á rẹ́ nínú |x|. Kò sí àmì ìyọkúrò kankan níbẹ̀ láti pa. Ṣé |x| wá jẹ́ x nígbà gbogbo? Tí x bá jẹ́ −7 ńkọ́? Ìjìnnà ti di −7 nìyẹn. Àbí ẹ ò rí i?

Òfin tó tọ́ rèé: tí x kò bá sí lábẹ́ òdo, |x| jẹ́ x. Tí x bá wà lábẹ́ òdo, |x| jẹ́ −x.

7/
Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ta kọsẹ̀ nìyẹn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ pé absolute value kì í lọ sábẹ́ òdo, ẹ tún wá kọ −x. Báwo?"

Ẹ gbọ́ dáadáa: àmì ìyọkúrò níwájú x kò sọ pé nọ́ḿbà náà wà lábẹ́ òdo. Ohun tó ń sọ ni pé "yí i padà". Tí x bá jẹ́ −7, −x jẹ́ 7. Bí gbèsè tí wọ́n fagi lé ni: ẹni tí wọ́n yọ gbèsè ẹgbẹ̀rún méje kúrò lọ́rùn rẹ̀ ti jèrè ẹgbẹ̀rún méje.

Tíṣà tí kò bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣàlàyé èyí, kó má bá mi sọ̀rọ̀ nípa "ọmọ ìsinsìnyí kì í fẹ́ ronú".

8/
Ẹ wá rí i: òfin yẹn ní ẹnu méjì. "Tí x bá wà níbí, ṣe báyìí. Tí x bá wà lọ́hùn-ún, ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn." Ohun tí ìwé òyìnbó ń pè ní cases nìyẹn. Èmi máa pè é ní ipò.

Ipò kọ̀ọ̀kan ní ààlà tirẹ̀, ìdáhùn tó bá sì jáde nínú ipò kan gbọ́dọ̀ gbé inú ààlà ipò yẹn. Bó bá jáde síta, ẹ dà á nù. Gbólóhùn yìí gan-an ni ọ̀nà àbùjá máa ń fò.

9/
Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ìbéèrè kan ṣoṣo, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta:

|x − 2| < 2x − 7

Akẹ́kọ̀ọ́ A há plus-minus sórí. Akẹ́kọ̀ọ́ B ní kí a square ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ D kọ́kọ́ béèrè pé, "Ibo ni x dúró sí?"

Ẹ kọ ìdáhùn tiyín sílẹ̀ kí ẹ tó kà síwájú. Ẹ má jí ìdáhùn wò o.

10/
Akẹ́kọ̀ọ́ A:
Àkọ́kọ́, x − 2 < 2x − 7, nítorí náà x > 5.
Èkejì, −(x − 2) < 2x − 7, ìyẹn 9 < 3x, nítorí náà x > 3.
Ó kó méjèèjì pọ̀: "x > 5 tàbí x > 3, ẹ jẹ́ ká kúkú kọ x > 3." Ó fa igi sí abẹ́ ìdáhùn, ó sinmi.

Ẹ fi 4 dán an wò. Apá òsì: |4 − 2| jẹ́ 2. Apá ọ̀tún: 8 − 7 jẹ́ 1. Ṣé 2 kò tó 1? Irọ́ ni. 4 ju 3 lọ, àmọ́ kò bá ìbéèrè mu. A ti kùnà, gbogbo ìlà tó kọ ló sì dà bíi pé ó tọ́.

11/
Akẹ́kọ̀ọ́ B sọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀:
x² − 4x + 4 < 4x² − 28x + 49
Ó kó o jọ, ó dín in kù: x² − 8x + 15 > 0, ìyẹn (x − 3)(x − 5) > 0.
Ìdáhùn rẹ̀: x < 3 tàbí x > 5.

Iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní! Ẹ fi 0 dán an wò. Apá òsì jẹ́ 2. Apá ọ̀tún jẹ́ −7. Ṣé 2 kò tó −7? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

12/
Kí ló ṣe B? 2 kò kéré sí −7, ṣùgbọ́n tí ẹ bá square wọn, 4 kéré sí 49. Square ti bo ojú −7, ó ti sọ ọ́ di alágbára tí kò jẹ́.

Ẹ lè square ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìséwu nígbà tí kò bá sí èyí tó wà lábẹ́ òdo nínú wọn. Apá òsì kò lè sí níbẹ̀ láéláé, torí ìjìnnà ni. Àmọ́ apá ọ̀tún, 2x − 7, ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé x kò dín ní 3.5. Ká ní B kọ ìlà kan yẹn sílẹ̀ ni, x < 3 ì bá ti já bọ́, x > 5 nìkan ni ì bá ṣẹ́ kù.

Ìlà kan ṣoṣo. Ohun tí ọ̀nà àbùjá bá wa fi pamọ́ nìyẹn.

13/
Akẹ́kọ̀ọ́ D lọ́ra díẹ̀. Ó ní: ohun tó wà nínú ọ̀pá ni x − 2, 2 sì ni oríta. Mo lè wà lọ́wọ́ ọ̀tún oríta, mo lè wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀.

Ipò kìíní: x kò dín ní 2. x − 2 < 2x − 7, nítorí náà x > 5. Ohun tó ju 5 lọ kò dín ní 2, ó wà nínú ààlà. A gbà á.

Ipò kejì: x kò tó 2. 2 − x < 2x − 7, nítorí náà x > 3. Háà! Kò tó 2, ó sì tún ju 3 lọ? Kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. A dà á nù.

Ìdáhùn: x > 5. Ó parí, ní tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

14/
Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ lè square, ẹ lè ya àwòrán, ẹ lè pín in sí ipò. Àmọ́ ọ̀nà tí ẹ bá gbà gbọ́dọ̀ dé ọjà! Ọ̀nà A já sínú igbó. Ọ̀nà B gba ọjà kọjá, ó tún wọ inú odò lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn méjèèjì yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n kàn ṣe ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni. Ìdí tí mo fi ń bínú nìyẹn.

15/
Àrùn kan náà ló wà nínú àwọn ìbéèrè tí kò ní ọ̀pá rárá. Ẹ wo èyí:

(x + 1)/(x − 2) > 3

"Ẹ gbé x − 2 kọjá." Ó di x + 1 > 3x − 6, ó di x < 3.5. Ẹ fi 0 dán an wò: 1 tí a fi −2 pín jẹ́ −0.5. Ṣé −0.5 ju 3 lọ? Kò jù ú o.

Kí ló fa á? Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú x − 2 láì bi í bóyá òkè òdo ló wà tàbí ìsàlẹ̀. Tó bá wà lókè, àmì dúró bó ṣe wà: x ju 2 lọ, kò sì tó 3.5. Tó bá wà nísàlẹ̀, àmì á yí padà: x ju 3.5 lọ, àmọ́ a ti ní kò tó 2. Kò sí. Ìdáhùn: 2 < x < 3.5.

16/
"Kí ló dé tí àmì fi ń yí padà?" Ọmọbìnrin kan béèrè èyí níbi lesson kan tí mo wà, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Èsì tí wọ́n fún un ni: "Ṣe bí mo ṣe ṣe é. Ṣé ìwọ lo máa ṣe òfin ni?" Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ò béèrè nǹkan kan mọ́ títí tá a fi parí.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ má bínú sí mi, gbólóhùn kan péré ni ìdáhùn ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ju ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún méjì lọ. Ẹ yí i sí gbèsè: ẹni tó jẹ ẹgbẹ̀rún márùn-ún wà nísàlẹ̀ ẹni tó jẹ ẹgbẹ̀rún méjì. 2 < 5, ṣùgbọ́n −2 > −5. Òwò àti gbèsè ni, gbogbo ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ pàtẹ ló mọ̀ ọ́n.

17/
Ẹ tún wo àwọn méjì yìí:

|x + 3| < −2
|x + 3| > −2

Ọlọ́nà àbùjá á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "2 < x + 3 < −2". Ẹ dúró. Ìjìnnà wo ló lè wà lábẹ́ −2? Kò sí. Ti àkọ́kọ́ kò ní ìdáhùn. Ìjìnnà wo ni kò ju −2 lọ? Kò sí náà. Ti èkejì, gbogbo nọ́ḿbà ni ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ ò lo bírò rárá. Kíkà lẹ kà á. Tí wọ́n bá kọ́ ọmọ láti KA ìṣirò kó tó ṣe é, ìdajì wàhálà ti lọ.

18/
Ó yá, ká gbé e wá sójú títì. Ká sọ pé títì kan lọ tààrà, a sì ń ka kìlómítà láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ilé ìyá yín wà ní kìlómítà 1, ṣọ́ọ̀bù yín wà ní kìlómítà 4. Ẹ ń wá ilé tí ẹ máa rẹ́ǹtì lórí títì yìí, ẹ sì fẹ́ kí ìjìnnà rẹ̀ sí ilé ìyá yín pẹ̀lú ìjìnnà rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù má ju 5 lọ lápapọ̀.

|x − 1| + |x − 4| ≤ 5

Ọ̀pá mẹ́rin, ìbẹ̀rù ti mú yín. Ẹ fọkàn balẹ̀.

19/
Oríta méjì ló wà, 1 àti 4. Ipò mẹ́ta nìyẹn.

Tí ilé bá wà láàárín 1 sí 4: àròpọ̀ ìjìnnà jẹ́ 3 nígbà gbogbo, torí ẹ kàn gé ọ̀nà kan náà sí méjì ni. 3 kò ju 5 lọ. Gbogbo ibẹ̀ dára.

Tí x kò bá tó 1: (1 − x) + (4 − x) = 5 − 2x. Kí èyí má ju 5 lọ, x kò gbọdọ̀ dín ní 0.

Tí x bá ju 4 lọ: (x − 1) + (x − 4) = 2x − 5. Kí èyí má ju 5 lọ, x kò gbọdọ̀ ju 5 lọ.

Ẹ so wọ́n pọ̀: 0 ≤ x ≤ 5. Ká ní ẹ̀ ń wá èyí tí àpapọ̀ rẹ̀ kò tó 2 ńkọ́? Ẹ má dààmú ara yín, kò sí irú ilé bẹ́ẹ̀ lórí títì yẹn. 3 ló kéré jù.

20/
Mo mọ̀ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. "Ọ̀rẹ́, gírámà yìí pọ̀. JAMB ò ní dúró dè wá." Òótọ́ ni. UTME jẹ́ ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì. Ìṣẹ́jú àáyá 40 ló bọ́ sí ìbéèrè kan. Tíṣà lesson tó ń sáré kì í ṣe èèyàn burúkú, ètò ló ń lé e.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ọgbọ́n ọjà wò ó. Ọ̀nà àbùjá tó gbé yín dé ìdáhùn tí kò tọ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20, kí ló bá yín fi pamọ́? Òfò lásán ni.

21/
Tó bá jẹ́ eré sísá ni ẹ fẹ́ gan-an, ẹ jẹ́ kí n fún yín ní èyí tí kì í purọ́: ẹ fi nọ́ḿbà dán an wò.

Ìbéèrè objective ní ìdáhùn mẹ́rin. Nínú |x − 2| < 2x − 7, ẹ mú 4. Ó kùnà, ìdáhùn èyíkéyìí tó bá gba 4 wọlé ti kú. Ẹ mú 0. Ó kùnà, èyí tó bá gba 0 wọlé ti kú. Ẹ mú 6: apá òsì 4, apá ọ̀tún 5, ó yege. Nọ́ḿbà mẹ́ta péré, irọ́ A àti irọ́ B ti tú síta.

Kò gba fọ́múlà kankan. Ohun tó gbà ni kí ọmọ mọ̀ pé òun ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ìdáhùn wò. Wọn ò kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní ẹ̀tọ́ yẹn.

22/
Kí n má baà ṣe ojúsàájú: fọ́múlà "−b < x − a < b" kì í ṣe irọ́. Fún |x − a| < b, níbi tí b jẹ́ nọ́ḿbà tó wà lókè òdo, ó tọ́ pátápátá. Ẹ lò ó.

Ẹ̀ṣẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọn ò sọ ibi tó parí sí. Wọ́n fún ọmọ ní kọ́kọ́rọ́ yàrá kan, wọ́n ní gbogbo ilé ló ń ṣí. Bí ìbéèrè bá wá yí díẹ̀, ọmọ á máa fi kọ́kọ́rọ́ yẹn ho ilẹ̀kùn, títí á fi sọ pé, "Maths ò sí fún irú mi."

Àwọn ohun tó wá lẹ́yìn absolute value sì pọ̀. Limit, continuity, àṣìṣe ìwọ̀n nínú físíìsì, gbogbo wọn orí ìjìnnà ni wọ́n dúró lé. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

23/
Ibi tó dùn mí jù rèé. Èdè wa ti ní nǹkan yìí tipẹ́!

Thomas Harriot, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni àmì < àti > ti jáde nínú ìwé rẹ̀ ní 1631, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe rọrùn lẹ́nu wa:
x < 5: x kò tó 5.
x > 5: x ju 5 lọ.
x ≤ 5: x kò ju 5 lọ.
x ≥ 5: x kò dín ní 5.

Ẹni tó ń ná ọjà ń sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀. "Owó mi ò ju ẹgbẹ̀rún kan lọ." Àìdọ́gba nìyẹn, ìyá alátà sì gbọ́ ọ yé.

24/
Ẹ tún gbọ́ èyí. |x − 20| = 4. Àwọn nọ́ḿbà wo ni ìjìnnà wọn sí ogún jẹ́ mẹ́rin?

Mẹ́rìndínlógún. Mẹ́rìnlélógún.

Ẹ tún un sọ, ẹ rọra sọ ọ́. Mẹ́rin DÍN ní ogún. Mẹ́rin LÉ ní ogún. Ipò méjèèjì wà nínú orúkọ nọ́ḿbà fúnra rẹ̀! Mọ́kàndínlógún, mọ́kànlélógún. Méjìdínlógún, méjìlélógún. Àwọn baba ńlá wa dúró lórí ogún, wọ́n wọn ìjìnnà sọ́tùn-ún, wọ́n wọ̀n ọ́n sósì, wọ́n sì fi sọ orúkọ.

Ọmọ Yorùbá tó lè ka ení, èjì dé mẹ́rìnlélógún ti ń ṣe absolute value lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó sọ fún un ni.

25/
Ẹ má sọ fún mi pé Yorùbá ò lè gbé ìṣirò. Ní 1970, ní Ilé-Ifẹ̀, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde fi hàn pé àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn rárá.

Mi ò ní kí ẹ kọ ìdánwò ní Yorùbá lọ́la. Ohun tí mò ń sọ ni pé tíṣà tó gbọ́ Yorùbá, tó ń kọ́ ọmọ tó gbọ́ Yorùbá, tó wá ń wo ojú ọmọ náà bó ṣe ń dààmú, kí ló ń dí i lọ́wọ́ láti sọ pé "ìjìnnà ni, ọmọ mi"?

26/
Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé, ẹ̀yin tíṣà wa:

Ẹ fa ìlà nọ́ḿbà sórí pátákó kí ẹ tó kọ fọ́múlà.
Ẹ kọ ààlà ipò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ sì dá máàkì sí i.
Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi nọ́ḿbà yẹ ìdáhùn wò, kódà ìdáhùn tiyín.
Tí ọmọ bá béèrè "kí ló dé?", ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí kíláàsì fi í rẹ́rìn-ín.

27/
Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí ẹ máa bi ara yín:

Níbo ni ohun tó wà nínú ọ̀pá ti di òdo? Oríta nìyẹn.
Lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan oríta, òkè òdo ló wà ni, àbí ìsàlẹ̀?
Ìdáhùn tí mo rí, ṣé ó ń gbé inú ààlà ibi tí mo ti rí i?

Ẹ máa bi wọ́n títí á fi mọ́ra.

28/
Iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ má sá o:

a) |2x − 1| < x + 4
b) |x + 2| > 3x
d) |x − 5| + |x − 1| < 4

Ọ̀kan nínú wọn ò ní ìdáhùn rárá, mi ò ní sọ èyí tó jẹ́. Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, ẹ kọ àwọn ipò yín pẹ̀lú. Ẹni tó bá kọ ìdáhùn lásán láì kọ ipò, mi ò ní máàkì í, bó tilẹ̀ tọ́.

Ẹ bá mi pín in dé ọ̀dọ̀ tíṣà kan àti ọmọ kan tó ti ń sọ pé orí òun ò gbé ìṣirò. Orí rẹ̀ gbé e. Wọn ò kàn tíì bi í léèrè ibi tó dúró sí ni.